Ta Ni Yóò Ru Ẹrù Kọ̀ǹpútà ní Ilé Ìwòsàn?

Bí a bá bi ènìyàn mẹ́wàá léèrè ìdí tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ìjọba ní ilẹ̀ wa fi ń lo káàdì àti fáìlì títí di òní, nígbà tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pàápàá ti mọ fóònù í tẹ̀, ìdáhùn wọn kò ní í jìnnà síra. Ọ̀kan yóò ní iná mànàmáná ni kò sí. Èkejì yóò ní owó ni. Ẹ̀kẹta yóò ní àwọn òṣìṣẹ́ ni kò mọ̀ ọ́n lò. Ẹ̀kẹrin yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní, "Àwọn nọ́ọ̀sì wa ni kò fẹ́ ìlọsíwájú." Òtítọ́ wà nínú ìdáhùn mẹ́ta àkọ́kọ́. Kò sí ẹni tó lè tan kọ̀ǹpútà níbi tí iná kò sí, kò sì sí ẹni tó lè lo ohun tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Lójú tèmi, ìdènà tó tóbi jù lọ jẹ́ ọ̀rọ̀ ìdájọ́ òdodo. Nígbà tí a bá gbé ẹ̀rọ tuntun wọ ilé ìwòsàn, ta ni ó ń ru ẹrù rẹ̀, ta ni ó sì ń jẹ èrè rẹ̀? Bí ẹni tó ń ru ẹrù bá yàtọ̀ pátápátá sí ẹni tó ń jẹ èrè, ẹ̀rọ náà kò ní í pẹ́ di ohun tí eruku ń bò mọ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ aláìsàn. Ìyá mi àgbà ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó ti lé ní ọdún méjìlá tó ti ń lọ sí ilé ìwòsàn kan náà. Ní gbogbo ìgbà tó bá lọ, yóò kọ́kọ́ dúró níwájú fèrèsé ibi tí wọ́n ti ń gba káàdì. Akọ̀wé yóò gba nọ́ńbà rẹ̀, yóò wọ yàrá tí fáìlì kún dé òrùlé, yóò sì máa wá a. Nígbà mìíràn, yóò rí i láàárín wákàtí kan. Nígbà mìíràn, yóò padà wá sọ pé, "Màmá, a ò rí fáìlì yín o. Ẹ jẹ́ ká ṣí tuntun fún yín." Ìyá àgbà ti ní fáìlì mẹ́ta báyìí. Inú àkọ́kọ́ ni dókítà kan kọ ọ́ sí pé oògùn kan báyìí máa ń mú kí ètè àti ojú rẹ̀ wú. Nígbà tí fáìlì náà sọnù, ìkìlọ̀ náà bá a lọ. Dókítà tó ṣí fáìlì kẹta tún kọ oògùn yẹn gan-an fún un. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ìyá àgbà dá páálí oògùn náà mọ̀. Ó dá a padà fún apòògùn, ó ní, "Ọmọ mi, èyí kì í bá mi lára mu." Mo máa ń bi ara mi pé, bí kò bá dá a mọ̀ ńkọ́? Bó bá jẹ́ pé ṣe ni wọ́n gbé e dé tí kò lè sọ̀rọ̀ ńkọ́?

Ìdí nìyí tí n kò fi gbà pẹ̀lú àwọn tó ń sọ pé kí a fi nǹkan sílẹ̀ bó ṣe wà, pé ìwé kò pa ẹnikẹ́ni rí. Ẹni tó ní kí a má yí padà ti ṣe ìpinnu. Ó ti pinnu pé kí arúgbó máa fi ọpọlọ ara rẹ̀ ṣe fáìlì, kí aboyún máa tún ìtàn ara rẹ̀ sọ fún gbogbo ẹni tó bá wọ aṣọ funfun, kí dókítà sì máa tọ́jú ènìyàn bí ẹni tó ń ṣe àwárí nínú òkùnkùn. Àìṣe nǹkan kan náà jẹ́ ìṣe, ó sì ní ẹni tí ìyà rẹ̀ ń jẹ. Ẹni náà sábà máa ń jẹ́ ẹni tí kò ní dókítà aládàáni, tí kò sì mọ ẹnikẹ́ni ní ilé ìwòsàn.

Bí ọ̀rọ̀ bá parí síbí, ìdájọ́ ìbá rọrùn. A ó kàn sọ pé kí gbogbo ilé ìwòsàn gba kọ̀ǹpútà, kí a sì dá ẹni tó bá kọ̀ ọ́ lẹ́bi. Ṣùgbọ́n mo ní àǹtí kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn ìjọba ìbílẹ̀. Ní ọjọ́ kan mo bi í pé, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ẹ kì í lo kọ̀ǹpútà tí wọ́n gbé wá bá yín?" Kò bínú. Ó ní, "Jókòó kí n ṣàlàyé fún ọ." Ó ní ní ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára, ìyá ọmọ bí ọgọ́ta lè ti tò sílẹ̀ kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, òun yóò kọ ọ́ sínú káàdì tí ìyá ọmọ yóò mú lọ sílé, òun yóò kọ ọ́ sínú ìwé ńlá ilé ìwòsàn, òun yóò fa ìlà sí ojú ìwé tí wọ́n fi ń ka iye ọmọ. Bí oṣù bá parí, òun yóò ṣírò gbogbo rẹ̀ sínú ìwé mìíràn tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ìjọba ìbílẹ̀. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, ẹnikẹ́ni kò mú ọ̀kan kúrò nínú àwọn ìwé wọ̀nyí. Ó ní, "Wọ́n ní ká ṣì máa kọ ìwé, torí àwọn tó ń bẹ̀ wá wò yóò béèrè rẹ̀. Wọ́n tún ní ká máa tẹ̀ ẹ́ sí kọ̀ǹpútà, torí àwọn tó wà lókè yóò béèrè rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta tí à ń kọ ọ́ tẹ́lẹ̀, ó wá di ẹ̀ẹ̀mẹrin. Àwọn tó wà lókè náà ò sì dá wa lóhùn rí láti sọ ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ fún wa. Bí iná bá lọ, owó dísù ńkọ́? Àpò ta ni ká ti mú un?"

Adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Ẹni tó bá wo kọ̀ǹpútà tí aṣọ wà lórí rẹ̀ ní igun yàrá yóò ní ọ̀lẹ ni nọ́ọ̀sì yìí. Ẹni tó bá bá a jókòó yóò rí obìnrin kan tí wọ́n fi iṣẹ́ kún iṣẹ́ rẹ̀, tí wọn kò fi ọwọ́ kún ọwọ́ rẹ̀. Ìyàtọ̀ wà láàárín ẹni tó kọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ àti ẹni tó kọ̀ láti ru ẹrù tí kò tọ́ sí i. Ẹni àkọ́kọ́ jẹ̀bi. Ẹni kejì ń sọ òtítọ́ kan fún wa tí a kò fẹ́ gbọ́, pé ọmọ tó wà níwájú òun ni òun yóò kọ́kọ́ tọ́jú.

Ẹnìkan lè sọ pé ìṣòro òṣì lásán nìyí, pé bí owó bá wà, gbogbo rẹ̀ yóò tán. Ẹ jẹ́ ká wo ilẹ̀ àwọn tó lówó. Ní ọdún 2002, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ètò ńlá kan láti kó àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn wọn sórí kọ̀ǹpútà. Iná kò lọ níbẹ̀, owó kò sì wọ́n wọn. Ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù pọ́ùn ni wọ́n ná. Àárín gbùngbùn ìjọba ni wọ́n ti yan àwọn ilé iṣẹ́ tí yóò ṣe ẹ̀rọ náà fún ẹkùn kọ̀ọ̀kan, ọ̀pọ̀ dókítà àti nọ́ọ̀sì sì ní ẹnikẹ́ni kò bi àwọn ní ohun tí àwọn nílò. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2011, ìjọba fúnra rẹ̀ kéde pé òun yóò tú ètò náà ká. Owó wà, iná wà, ìmọ̀ wà. Àwọn tí yóò lo ẹ̀rọ náà ni wọn kò fi ṣe ẹni tó ni ín.

Amẹ́ríkà gba ọ̀nà mìíràn. Ní 2009, wọ́n ṣe òfin tó fi owó fún dókítà àti ilé ìwòsàn tó bá lo àkọsílẹ̀ orí kọ̀ǹpútà. Nígbà tó yá, owó ẹni tí kò bá lò ó bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Láàárín ọdún díẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú ilé ìwòsàn wọn ti ń lò ó. Ìdènà owó wó lulẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 2016, àwọn oníwádìí kan tó tẹ̀ lé àwọn dókítà níbi iṣẹ́ gbé àbájáde jáde pé fún wákàtí kọ̀ọ̀kan tí dókítà fi ń tọ́jú aláìsàn lójúkojú, ó ń lo nǹkan bíi wákàtí méjì nídìí kọ̀ǹpútà àti iṣẹ́ ìwé. Fáìlì kò sọnù mọ́, ṣùgbọ́n ojú dókítà ti kúrò lára aláìsàn. Wọ́n ti gbé ẹrù kúrò ní èjìká kan sí èjìká mìíràn, wọ́n sì pe ìyẹn ní ìlọsíwájú.

Kí a má sì rò pé àwa kò ní ọgbọ́n tiwa. Ní Ilé-Ifẹ̀, láti ọdún 1989 ni àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn ìkọ́ni tó wà níbẹ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn láti Yunifásítì Kuopio ní ilẹ̀ Finland ti fọwọ́sowọ́pọ̀ ṣe ètò kọ̀ǹpútà fún àkọsílẹ̀ aláìsàn. Inú ètò tí Amẹ́ríkà ṣe fún ilé ìwòsàn àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n ti mú ìpìlẹ̀ rẹ̀, wọ́n wá tún un ṣe láti bá iṣẹ́ tiwa mu. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nígbà tó yá ni MINPHIS. Ní 1989, fóònù alágbèéká kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa rárá. Ẹni tó bá ń sọ pé ọ̀rọ̀ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí wa ni, kò mọ ìtàn. Ìbéèrè tó yẹ ká bi ara wa ni ìdí tí ohun tó ti wà láàárín wa fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún kò fi tíì di ti gbogbo ènìyàn.

Mo rò pé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2014 lè ràn wá lọ́wọ́ láti dáhùn. Ní ogúnjọ́ oṣù keje ọdún náà, arìnrìn-àjò kan gbé àrùn Ebola wọ Èkó. Dókítà Ameyo Adadevoh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀ láti jẹ́ kí ó jáde kúrò ní ilé ìwòsàn, ìpinnu náà sì gba ẹ̀mí dókítà náà. Lẹ́yìn náà, ó di dandan láti wá gbogbo ẹni tó ti fara kan aláìsàn rí. Wọ́n rí 894 ènìyàn. Ní ojoojúmọ́ fún ọjọ́ mọ́kànlélógún ni àwọn òṣìṣẹ́ ń lọ sí ojúlé wọn láti wo bí ara wọn ṣe gbóná tó. Ìbẹ̀wò náà lápapọ̀ jẹ́ nǹkan bí 18,500. Fóònù ni ọ̀pọ̀ wọn wá ń fi ránṣẹ́ sí ibùdó tí wọ́n ti ń darí iṣẹ́, dípò kí bébà máa wọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ Èkó. Ènìyàn ogún ló ní àrùn náà, mẹ́jọ kú. Nígbà tó di ogúnjọ́ oṣù kẹwàá, àjọ ìlera àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ Ebola.

Orílẹ̀-èdè kan náà ni. Iná kan náà tó ń lọ tó ń bọ̀ ni. Kí ló dé tí ẹ̀rọ fi ṣiṣẹ́ lọ́tẹ̀ yìí? Ohun tí òṣìṣẹ́ bá tẹ̀ sórí fóònù ní àárọ̀, nǹkan yóò ti tẹ̀yìn rẹ̀ jáde kó tó di ìrọ̀lẹ́: ọkọ̀ yóò lọ gbé ẹni tí ara rẹ̀ gbóná. Òṣìṣẹ́ náà mọ̀ pé ẹ̀mí tòun náà wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ru ẹrù rí èrè rẹ̀ lójú ara rẹ̀. Àǹtí mi kò rí irú rẹ̀ rí. Ohun tó ń tẹ̀ ń lọ sí ibi tí kò mọ̀, kì í sì í padà wá.

Ẹlòmíràn tún wà tó ń ru ẹrù tí a kì í sábà kà mọ́ ọn. Aláìsàn ni. Òun ni à ń gba àṣírí lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, kò ṣeé kó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú mìíràn láti gba oògùn kògbóògùn, nítorí wọn kò fẹ́ kí ará àdúgbò rí orúkọ wọn lórí fáìlì. Bí a bá sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé orúkọ rẹ̀ yóò wà lórí kọ̀ǹpútà tí ilé ìwòsàn gbogbo lè ṣí, ṣé ayọ̀ ni yóò fi gbà á? Ìbẹ̀rù rẹ̀ kì í ṣe ti òpè. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n gbé ètò kan tí wọ́n ń pè ní care.data kalẹ̀ ní 2013, láti kó àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn láti ọ̀dọ̀ dókítà wọn jọ sí ojú kan. Àwọn ará ìlú béèrè pé ta ni yóò rí i, ṣé wọn kò ní í tà á? Ìdáhùn kò tẹ́ wọn lọ́rùn. Ní 2016, wọ́n pa ètò náà tì. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, àwọn ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì fi ètò burúkú kan tí wọ́n ń pè ní WannaCry ti kọ̀ǹpútà pa káàkiri àgbáyé. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan, nǹkan bí 19,000 àdéhùn láàárín aláìsàn àti ilé ìwòsàn ni wọ́n fagi lé.

Àwa náà ní òfin. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 2014 sọ pé àṣírí ni ọ̀rọ̀ aláìsàn, pé ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ ṣọ́ àkọsílẹ̀ kí ẹni tí kò tọ́ sí má baà dé ibẹ̀. Òfin ìdáàbòbò dátà tún tẹ̀ lé e ní 2023. Ṣùgbọ́n òfin inú ìwé kò tó. Bí nọ́ọ̀sì mẹ́fà bá ń lo ọ̀rọ̀ aṣínà kan ṣoṣo tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri, àṣírí ti di ti ọjà. Ẹni tó bá fẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ ara mi sí ìkáwọ́ òun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ di ẹni tó ṣeé fọkàn tán. Kò tọ́ kó gba ọ̀rọ̀ náà tán kó tó máa wá bí yóò ṣe ṣọ́ ọ.

Mo mọ̀ pé àtakò méjì yóò dìde sí mi. Àkọ́kọ́ ni pé òṣìṣẹ́ ìlera ti búra. Iṣẹ́ àánú ni iṣẹ́ rẹ̀, kò yẹ kó máa béèrè èrè tirẹ̀. Mo gbà pé ó búra. Ṣùgbọ́n aláìsàn ló búra fún láti tọ́jú. Bí ẹ̀rọ bá gba àkókò aláìsàn lọ́wọ́ rẹ̀, ìbúra náà gan-an ni yóò mú kó ta kò ó. Èrè tí mo ń sọ kì í sì í ṣe owó. Bí ó bá tẹ orúkọ ọmọ kan, kí ẹ̀rọ náà sọ fún un pé abẹ́rẹ́ kẹta ọmọ yìí ti pẹ́ jù. Bí ó bá ti tẹ̀ ẹ́ tán, kí ó má tún fi ọwọ́ kọ ọ́. Ìyẹn ti tó èrè.

Àtakò kejì le ju ìyẹn lọ. Wọ́n á ní bí a bá dúró kí ohun gbogbo tó gún régé, ìyá àgbà mìíràn yóò ti gba oògùn tó lè pa á. Òótọ́ ni, ọ̀rọ̀ náà sì ń dùn mí nítorí pé ìyá àgbà tèmi ni mo máa ń rí nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. N kò ní kí a dúró. Ohun tí mo ń sọ ni pé kíkánjú gbé ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni kò ní í lò wá kò gba ìyá àgbà là. Ó tilẹ̀ lè ṣe é ní ibi, nítorí pé nígbà tí ó bá bàjẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ yóò sọ pé àwọn ti gbìyànjú rẹ̀ rí, kò ṣiṣẹ́. Ó sàn kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun kékeré tó mú ẹrù kúrò: kọ̀ǹpútà kan ní yàrá káàdì tí yóò sọ ibi tí fáìlì wà, pẹ̀lú bátìrì tó ń gba agbára láti ara oòrùn. Bí akọ̀wé bá ti rí i pé òun kò wọ inú eruku mọ́, òun gan-an ni yóò béèrè fún ìkejì.

Nítorí náà, kí ìjọba tàbí ọlọ́rẹ kan tó gbé kọ̀ǹpútà wọ ilé ìwòsàn, mo fẹ́ kí ó dáhùn ìbéèrè mẹ́ta ní gbangba. Iṣẹ́ wo ni ẹ óò mú kúrò lọ́rùn ẹni tí yóò máa tẹ̀ ẹ́? Kí ni aláìsàn tí ẹ gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò rí gbà padà, ta ni yóò sì dáhùn bí àṣírí rẹ̀ bá tú? Ta ni yóò máa ra dísù, tí yóò máa tún ẹ̀rọ náà ṣe lẹ́yìn tí àwọn oníròyìn bá ti ya fọ́tò tán tí wọ́n sì ti lọ? Bí kò bá sí ìdáhùn, ẹrù ni ó gbé wá, kì í ṣe ẹ̀bùn.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ máa ń kọ́ wa ní kọ̀ǹpútà bí ohun tí à ń tẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ tún kọ́ wa ní bí a ṣe ń béèrè ẹni tí yóò ru ú. Ẹ̀yin òbí, títí di ìgbà tí ọ̀ràn yìí yóò fi yanjú, ẹ kọ orúkọ oògùn tí kì í bá ara yín mu sórí bébà kékeré, kí ẹ fi í sínú pọ́ọ̀sì yín. Èmi ti kọ ti ìyá àgbà. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, láàárín wa ni ẹni tí yóò ṣe ètò kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn lọ́la yóò ti jáde. Kí ẹni náà tó tẹ bọ́tìnì kan ṣoṣo, kí ó kọ́kọ́ lọ jókòó ti nọ́ọ̀sì kan ní ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára, láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí ìyá ọmọ tó kẹ́yìn yóò fi lọ sílé.